Bí Ọmọ Bá Jókòó Nílé Ọtí, Kí Ló Ń Wọ Ẹ̀dọ̀fóró Rẹ̀?

Láti Alákijà dé Navy Town, títí lọ dé Ìyànà-Ìbà àti Òkókómáíkò ní ìpínlẹ̀ Èkó, èèyàn kò lè rìn jìnnà lálẹ́ kó má kan ilé ọtí. Òmíràn wà nínú mámì, ìyẹn ọjà tó máa ń wà ní bárékè àwọn ológun. Òmíràn jẹ́ ṣọ́ọ̀bù yàrá kan tí wọ́n na tapólì síwájú rẹ̀. Òmíràn jẹ́ gbọ̀ngàn tí wọ́n ti ń wo bọ́ọ̀lù. Ọmọdé kì í wọ́n níbẹ̀, bẹ́ẹ̀ sì ni kì í ṣe ọtí ló bá lọ. Ìyá rẹ̀ ló ni ìkòkò pẹpẹsúùpù tó ń hó lórí iná. Ó ti iléèwé dé, ó ṣí ìwé iṣẹ́ àṣetiléwá sórí tábìlì oníke, ó ń bá ìyá kó ìgò òfìfo, tí ilẹ̀ bá sì ṣú gan-an, orí bẹ́ǹṣì ló máa sùn sí títí ìyá á fi palẹ̀ mọ́.

Bí oníbàárà kan bá wá tan sìgá nígbà náà, a mọ ohun tí àwọn àgbà máa ń sọ: fáànù ń fẹ́, ilẹ̀kùn ṣí sílẹ̀, ọmọ náà kò sí nítòsí. Ṣé ìyẹn tó? Ìbéèrè tí a fẹ́ dáhùn níbí nìyẹn. A óò tẹ̀lé èéfín náà láti orí sìgá títí dé inú àyà ọmọ, lẹ́yìn náà la óò wá sọ ta ló yẹ kó dìde kúrò níbẹ̀, ọmọ ni àbí sìgá.

Èéfín méjì ló ń ti ara sìgá kan jáde

Ẹ jẹ́ ká wo sìgá kan dáadáa. Ẹni tó ni ín ti gbé e lé etí àwo eérú, ó ń bá ọ̀rẹ́ rẹ̀ jiyàn lórí bọ́ọ̀lù. Kò sí ẹni tó ń fà á, síbẹ̀ kò kú. Èéfín tín-ín-rín kan ń gòkè láti orí rẹ̀. Bí iná bá tàn sí i, ẹ óò rí i pé àwọ̀ rẹ̀ fẹ́ jọ aró. Nígbà tó yá, ọkùnrin náà mú un, ó fà á, ó sì tú èéfín jáde lẹ́nu àti nímú. Èyí funfun, ó sì ki ju ti àkọ́kọ́ lọ.

Ìdí tí àwọ̀ wọn fi yàtọ̀ ni pé wóró inú wọn kò tóbi bákan náà. Wóró inú èéfín tó ń ti orí sìgá jáde kéré débi pé àwọ̀ aró inú ìmọ́lẹ̀ ló máa ń fọ́n ká jù. Èyí tó ti inú àyà èèyàn bọ̀ ti mu omi inú ẹ̀dọ̀fóró, ó ti wú, ìdí nìyẹn tó fi funfun. A óò pe ti àkọ́kọ́ ní èéfín orí, a óò sì pe ìkejì ní èéfín ẹnu. Nígbà tí méjèèjì bá dà pọ̀ mọ́ afẹ́fẹ́ tí gbogbo ilé ń mí, a óò pè é ní èéfín àjùmọ̀fà, torí pé ẹni tó ra sìgá àti ẹni tí kò rà á ló jọ ń fà á.

Èwo ló pọ̀ jù nínú yàrá? Ọ̀pọ̀ èèyàn á ní èéfín ẹnu ni. Bẹ́ẹ̀ kọ́. Bí a bá pín èéfín àjùmọ̀fà sí ọ̀nà 100, nǹkan bíi 85 nínú rẹ̀ ló jẹ́ èéfín orí. Ìdí rẹ̀ kò ṣòro. Sìgá kan lè jó fún nǹkan bíi ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Ẹni tó ń mu ún lè fà á nígbà mẹ́wàá, ìfà kọ̀ọ̀kan kì í sì í ju bíi ìṣẹ́jú-àáyá méjì lọ. Nínú ìṣẹ́jú mẹ́wàá náà, bíi ìṣẹ́jú-àáyá 20 péré ló fi ń fà á sẹ́nu. Gbogbo àkókò tó kù, inú yàrá ni sìgá ń rú èéfín rẹ̀ sí.

Èéfín orí tún le ju èéfín ẹnu lọ. Bí èèyàn bá fa sìgá, afẹ́fẹ́ máa ń wọ inú iná rẹ̀, ooru orí rẹ̀ sì lè tó ìwọ̀n 900 ti Celsius. Tó bá gbé e kalẹ̀, ooru náà á wálẹ̀ sí nǹkan bíi 600. Iná tí kò rí afẹ́fẹ́ tó kì í jó nǹkan tán. Àjókù ló máa ń tú jáde, inú àjókù yìí sì ni májèlé pọ̀ sí jù. Yàtọ̀ sí èyí, èéfín ẹnu gba inú òwú ìdí sìgá àti ẹ̀dọ̀fóró ẹni tó ń mu ún kọjá kó tó jáde, àwọn méjèèjì sì ti gbà lára rẹ̀. Èéfín orí kò gba inú nǹkan kan kọjá. Bó ṣe ń jó ló ṣe ń bọ̀.

Àwọn onímọ̀ ti ka ohun tó lé ní 7,000 èròjà nínú èéfín yìí, bíi 70 nínú wọn ló sì lè fa àrùn jẹjẹrẹ. A mọ àwọn kan nínú wọn níbòmíràn. Formaldehyde wà níbẹ̀, èyí tí wọ́n fi ń ṣe fọ́máàlìn tí wọ́n ń fà sí òkú lára ní mọ́ṣúárì. Benzene tó wà nínú pẹtiróòlù wà níbẹ̀. Carbon monoxide náà wà níbẹ̀, afẹ́fẹ́ inú èéfín jẹnẹrétọ̀ tó ti pa odindi ìdílé mọ́jú nítorí pé wọ́n gbé ẹ̀rọ náà sínú ilé sùn.

Ṣé fáànù lè gbé e lọ?

Bí ẹnìkan bá ń dín ata ní kíṣíìnì, ẹni tó jókòó sí pálọ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í sín, ẹni tó wà ní yàrá á máa wúkọ́, bẹ́ẹ̀ ni kò sí èyí tó sún mọ́ ìkòkò nínú wọn. Bí wọ́n bá wá tan fáànù, ata náà kì í lọ. Ṣe ni fáànù ń gbé e káàkiri ilé. Bí èéfín àjùmọ̀fà ṣe ń ṣe gan-an nìyẹn, àfi pé ata ń ta wá lọ́fun, ó ń lé wa jáde, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ jù lọ nínú èéfín sìgá ni ojú kò rí, imú sì máa ń mọ́ ọn lára láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀.

Wóró inú èéfín sìgá kéré gan-an. Bí a bá fẹ́ tò wọ́n kí wọ́n fẹ̀ tó fọ́nrán irun orí kan ṣoṣo, ó máa lé ní 100. Ohun tó bá kéré tó bẹ́ẹ̀ kì í tètè balẹ̀ bí eruku. Ó máa ń fò káàkiri fún wákàtí méjì sí mẹ́ta lẹ́yìn tí wọ́n ti pa sìgá, bí fèrèsé tilẹ̀ ṣí. Ìdí nìyẹn tí sísọ pé “ká tó mú ọmọ dé, wọ́n ti mu ún tán” kò fi dá ọmọ náà sí. Ẹ̀rọ amúlétutù kò sàn ju fáànù lọ: afẹ́fẹ́ inú yàrá kan náà ló máa ń fà, tó máa ń mú tutù, tó sì máa ń tú padà. Ẹgbẹ́ àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ amúlétutù ní Amẹ́ríkà, ASHRAE, sọ ọ́ gbangba ní 2005 pé kò sí ẹ̀rọ tó lè mú ewu èéfín yìí kúrò nínú ilé tí wọ́n bá ti ń mu sìgá, àfi kí wọ́n má mu ún níbẹ̀ rárá.

Ara ọmọ yàtọ̀ sí ara àgbà

Àgbà tó jókòó jẹ́ẹ́ máa ń mí bíi ìgbà 12 sí 20 láàárín ìṣẹ́jú kan. Ọmọ ọdún méjì lè mí tó ìgbà 25 tàbí 30. Tí a bá fi wé bí ara rẹ̀ ṣe wúwo tó, afẹ́fẹ́ tí ọmọ ń fà sínú pọ̀ ju ti àgbà lọ dáadáa. Bí àwọn méjèèjì bá jókòó sínú yàrá kan náà, èéfín tó ń wọ ara ọmọ ló pọ̀ jù.

Kí èéfín tó dé ìsàlẹ̀ ẹ̀dọ̀fóró, ó máa pàdé ẹ̀ṣọ́ kan lọ́nà. Inú ihò tí èémí ń gbà kún fún irun wẹ́wẹ́ tí ojú kò lè rí, tó ń fì láìdúró, tó ń gbá kẹ̀lẹ̀bẹ̀ pẹ̀lú eruku àti kòkòrò àrùn padà sókè sí ọ̀fun. Agbálẹ̀ ẹ̀dọ̀fóró ni ká máa pè wọ́n. Èéfín sìgá máa ń dá wọn lápá, wọ́n á rọra máa fì tàbí kí wọ́n dúró pátápátá. Kẹ̀lẹ̀bẹ̀ á wá pọ̀ sí i, kòkòrò àrùn á ríbi jókòó sí. Bí ọmọ ṣe ń ní òtútù àyà àti ikọ́ tí kì í lọ bọ̀rọ̀ nìyẹn. Ihò èémí ọmọ kò fẹ̀ rárá, nítorí náà tí inú rẹ̀ bá wú díẹ̀, tí ti àgbà náà sì wú bákan náà, àgbà á kàn wúkọ́ ni. Ọmọ lè máa jà fún èémí. Ọmọ tó bá ti ní àsímà, ìyẹn ikọ́ sémìísémìí, ni èyí máa ń hàn lára rẹ̀ kíákíá.

Ní ìsàlẹ̀ pátápátá, àwọn àpò afẹ́fẹ́ kéékèèké ló wà níbẹ̀. Àwọn ló ń gba ọ́síjìn fún ẹ̀jẹ̀. Bíi 50 mílíọ̀nù wọn ni wọ́n sábà máa ń bí mọ́ ọmọ. Tó bá dàgbà, wọ́n á lé ní 300 mílíọ̀nù. Ọ̀pọ̀ jù lọ àwọn tó kù, ìgbà tó wà ní kékeré ni ara rẹ̀ ń kọ́ wọn. Àwọn ọdún tó fi ń sùn sórí bẹ́ǹṣì nílé ọtí wà nínú àwọn ọdún tí ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀ ń kọ́ ilé tó máa gbé títí ọjọ́ ogbó. Bí èéfín bá dí iṣẹ́ náà lọ́wọ́, ẹ̀dọ̀fóró ọmọ náà lè má lágbára tó bó ṣe yẹ, àní nígbà tó bá dàgbà.

Etí náà ń jìyà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọ̀pọ̀ òbí kò mọ̀ pé ọ̀rọ̀ sìgá kan etí. Ọ̀nà tóóró kan ló so ẹ̀yìn imú mọ́ inú etí. Ti àgbà gùn, ó sì dagẹ̀rẹ̀, omi máa ń tètè ṣàn jáde níbẹ̀. Ti ọmọdé kúrú, ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ dùbúlẹ̀. Bí èéfín bá mú ẹnu ọ̀nà náà wú, omi á há sínú etí, kòkòrò á bọ́ sí i, etí á máa dun ọmọ lóru, nígbà míì á máa da ọyún. Ọmọ tí etí rẹ̀ bá ń dí báyìí lè máà gbọ́ olùkọ́ dáadáa, kí wọ́n sì máa pè é ní olóríkunkun.

Carbon monoxide tí a dárúkọ lẹ́ẹ̀kan ń bá tirẹ̀ lọ nínú ẹ̀jẹ̀. Èròjà pupa inú ẹ̀jẹ̀ ló ń ru ọ́síjìn káàkiri ara, ṣùgbọ́n carbon monoxide máa ń lẹ̀ mọ́ ọn ní ìlọ́po tó lé ní 200 ju bí ọ́síjìn ṣe ń lẹ̀ mọ́ ọn lọ. Ibi tó bá ti gbà, ọ́síjìn kò ní rí àyè níbẹ̀. Ẹni tó bá ń fi ṣíṣà rọ́pò sìgá ní ilé ọtí kò yẹra fún ewu yìí, torí pé èédú tó ń jó lórí ṣíṣà ń tú carbon monoxide tirẹ̀ sínú yàrá.

Báwo la ṣe mọ̀?

Títí di nǹkan bíi ogójì ọdún sẹ́yìn, ọ̀pọ̀ èèyàn gbà pé ẹni tó bá jẹ gbì nìkan ni yóò kú gbì. Ní 1981, dókítà kan ní Japan, Takeshi Hirayama, gbé ìwádìí kan jáde. Ó ti tẹ̀lé àwọn ìyàwó ilé tí kò mu sìgá rí, àwọn tó lé ní 91,000, fún ọdún 14. Ó rí i pé àwọn tí ọkọ wọn ń mu sìgá lámujù ni jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀fóró ń pa ní bíi ìlọ́po méjì àwọn tí ọkọ wọn kò mu ún. Àwọn ilé iṣẹ́ sìgá bá a jà gan-an, ṣùgbọ́n ìwádìí lórí ìwádìí láti orílẹ̀-èdè mìíràn gbè é lẹ́sẹ̀.

Lónìí, kò di dandan ká méfò lórí ọmọ kankan. Bí nikotíìnì bá wọ ara, ẹ̀dọ̀ á sọ ọ́ di èròjà mìíràn tó ń jẹ́ cotinine. Èyí máa ń pẹ́ nínú ara ju nikotíìnì fúnra rẹ̀ lọ, wọ́n sì lè rí i nínú itọ́, ìtọ̀ tàbí ẹ̀jẹ̀. Bí wọ́n bá rí i nínú itọ́ ọmọ ọdún mẹ́rin tí kò mọ bí wọ́n ṣe ń ṣá ìṣáná, kò sí ibi méjì tó ti lè rí i: ẹnìkan ló mu sìgá tì í.

Ẹ̀rí tó wúni lórí jù ni ti orílẹ̀-èdè Scotland. Ní oṣù Kẹta ọdún 2006, wọ́n fòfin de sìgá nínú ilé ọtí, ilé oúnjẹ àti ibi iṣẹ́ gbogbo. Kí òfin náà tó dé, iye ọmọ tí àsímà ń gbé dé ilé ìwòsàn ń fi bíi ìdá márùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún pọ̀ sí i lọ́dọọdún. Lẹ́yìn òfin náà, ó bẹ̀rẹ̀ sí í fi bíi ìdá 18 nínú ọgọ́rùn-ún dín kù lọ́dọọdún. Àwọn onímọ̀ tó ṣe ìwádìí náà gbé e jáde ní 2010. Ẹ kíyè sí i pé ilé ọtí ni òfin náà dé, síbẹ̀ àyà àwọn ọmọdé ló fúyẹ́.

Tó bá jẹ́ ìta gbangba ńkọ́?

Ìbéèrè yìí ṣe pàtàkì fún wa, nítorí pé abẹ́ tapólì àti ìta ni ọ̀pọ̀ ilé ọtí wa wà. Àwọn onímọ̀ ní Yunifásítì Stanford ní Amẹ́ríkà fi ẹ̀rọ wọn èéfín sìgá ní ìta gbangba, wọ́n sì gbé èsì rẹ̀ jáde ní 2007. Wọ́n rí i pé ẹni tó bá jókòó sí ẹ̀gbẹ́ ẹni tó ń mu sìgá lè gba èéfín tó pọ̀ tó ti inú ilé. Ṣùgbọ́n bó bá ti sún sẹ́yìn ju bíi mítà méjì lọ, ó máa ń dín kù gan-an, bí wọ́n bá sì ti pa sìgá náà, èéfín á lọ láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀. Ìta sàn ju inú ilé lọ, àmọ́ ìjìnnà ló mú un sàn.

Tí wọ́n bá ta tapólì sókè, tí wọ́n tún ta á sí ẹ̀gbẹ́ mẹ́ta nítorí òjò, ibẹ̀ kì í ṣe ìta mọ́. Yàrá ni.

Àwọn kan á bi wá pé: “Èéfín mọ́tò ní Badagry Expressway ńkọ́? Jẹnẹrétọ̀ ńkọ́? Èéfín súyà ńkọ́?” Òdodo ọ̀rọ̀ ni. Ọmọ tó ń dàgbà ní agbègbè wa ti ru ẹrù èéfín tó pọ̀ sáyà kó tó dé ilé ọtí rárá. Ìdí nìyẹn gan-an tí kò fi yẹ ká tún dì lé e. Nínú gbogbo èéfín wọ̀nyí, ti sìgá nìkan ni a lè dá dúró lálẹ́ òní láìná kọ́bọ̀, láìdúró de ìjọba, láìpa òwò ẹnikẹ́ni lára.

Ta ló yẹ kó jáde?

Òfin kò dákẹ́ lórí rẹ̀. Ní oṣù Kejì ọdún 2014, Gómìnà Babátúndé Fáṣọlá buwọ́ lu òfin ìpínlẹ̀ Èkó tó de sìgá mímu ní gbangba. Òfin náà dárúkọ ọmọdé ní tààràtà: ẹni tó bá mu sìgá níwájú ọmọdé lè san owó ìtanràn 15,000 náírà tàbí kó lọ sẹ́wọ̀n oṣù kan. Ní oṣù Karùn-ún ọdún 2015, Ààrẹ Goodluck Jonathan buwọ́ lu òfin sìgá ti gbogbo Nàìjíríà. Ó ka títa sìgá fún ẹni tí kò tíì pé ọdún 18 léèwọ̀, ó sì ka títa sìgá ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan léèwọ̀. Ẹni tó bá pe ọmọ pé kó sáré lọ ra sìgá ẹyọ kan wá ti mú kí ẹni tó tà á rú òfin náà lọ́nà méjì lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo.

Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ èèyàn, bí ọ̀rọ̀ yìí bá délẹ̀, ọmọ ni wọ́n máa ń kọ́kọ́ lé. “Kí ni ọmọdé ń wá nílé ọtí?” Mo gbà pé ilé ọtí kọ́ ni ibi tó dára jù fún ọmọ láti lo alẹ́ rẹ̀, ariwo wà níbẹ̀, ìsọkúsọ wà níbẹ̀, ọtí wà níbẹ̀. Bí ìyá bá rí ìbátan tàbí aládùúgbò tó máa mójú tó o nílé, ó dára bẹ́ẹ̀. Àmọ́ obìnrin tó ń dá ta pẹpẹsúùpù láti irọ̀lẹ́ títí di ọ̀gànjọ́ kò lè ti ilẹ̀kùn mọ́ ọmọ ọdún mẹ́rin nìkan sínú ilé. Ẹni tó bá lé ọmọ náà láì rí ibi gbé e sí kò tíì yanjú nǹkan kan. Ìyá náà gan-an ńkọ́, àti ọmọbìnrin tó ń gbé ọtí fún oníbàárà, tó ṣeé ṣe kó lóyún? Wákàtí mẹ́fà, méje ni wọ́n ń lò nínú èéfín yẹn lójúmọ́. Bí ọmọ bá kúrò, àwọn ṣì wà níbẹ̀. Bí sìgá bá kúrò, gbogbo wọn ló bọ́.

Ohun tó yẹ kí obìnrin tàbí ọkùnrin tó ni ilé ọtí ṣe kò pọ̀. Kó gbé àwo eérú kúrò lórí gbogbo tábìlì inú ilé àti abẹ́ tapólì, nítorí pé àwo eérú ló ń sọ fún oníbàárà pé ó lè tan sìgá. Kó wá ibì kan ní ìta, tó jìnnà sí ilẹ̀kùn, sí ibi ìdáná àti sí ibi tí ọmọ máa ń jókòó, kó gbé àga méjì síbẹ̀. Kó má rán ọmọ kankan níṣẹ́ sìgá, yálà rírà rẹ̀, títàn án tàbí dída eérú rẹ̀ nù. Bí oníbàárà bá gbàgbé, ọ̀rọ̀ pẹ̀lẹ́ ti tó: “Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ bá mi fà á lọ́hùn-ún, ọmọ ń bẹ níbí. Ọtí yín kò ní gbóná dànù.” Ẹni tó bá mọ iyì ara rẹ̀ á dìde. Láti oṣù Kẹta ọdún 2004 tí Ireland ti fòfin de sìgá nínú gbogbo ilé ọtí rẹ̀, ohun tí àwọn oníbàárà ibẹ̀ ń ṣe nìyẹn: wọ́n á jáde, wọ́n á mu ún, wọ́n á padà sídìí ìgò wọn.

Ẹni tó ń mu sìgá náà ní tirẹ̀ láti ṣe. Èéfín máa ń lẹ̀ mọ́ aṣọ, irun, ọwọ́ àti tìmùtìmù àga. Èéfín àlẹ̀mọ́ la lè pe èyí. Bí o bá mu sìgá tán, fọ ọwọ́ rẹ kí o tó gbé ọmọ, má sì gbé e lé àyà aṣọ tí o wọ̀ mu ún.

Bí ọmọ rẹ bá ń wúkọ́ lóru, tí èémí rẹ̀ ń dún fín-ín, tàbí tí etí ń dùn ún léraléra, gbé e lọ sí ilé ìwòsàn tó sún mọ́ ọ, kí o sì sọ fún dókítà pé ibi tí wọ́n ti ń mu sìgá ló máa ń wà lálẹ́. Má fi pamọ́ nítorí ìtìjú. Oògùn ikọ́ lè mú kí ó sùn lálẹ́ ọjọ́ kan, ṣùgbọ́n bó bá padà sínú èéfín kan náà lọ́jọ́ kejì, ikọ́ náà á padà. Ìtọ́jú rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ láti ọjọ́ tí ẹ bá ti gbé àwo eérú kúrò nínú ilé.